Bí Ìsáré Gìrìgìrì Ṣe Di Ohun Ìṣeré ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì

Nínú oṣù October ọdún 1905, ohun tuntun kan yọjú ní ọjà àríyá ìlú Hull, ní apá ìlà-oòrùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ilé gogoro onígi ni. Ó fẹ̀ nísàlẹ̀, ó ń tín-ín-rín bó ṣe ń lọ sókè, àwọ̀ mèremère ni wọ́n fi kùn ún, ó sì jọ ilé iná tí àwọn atukọ̀ òkun máa ń wò lóru kí wọ́n má baà kọlu àpáta. Àtẹ̀gùn wà nínú rẹ̀. Ẹni tó bá sanwó á gba ẹní kékeré kan, á gun àtẹ̀gùn náà dé orí, á tẹ́ ẹní rẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà dídán kan tó yí ilé náà po lóde bí ejò tó wé mọ́ ọ̀pẹ, á jókòó, á sì yọ̀ wá sílẹ̀ wàrà. Kí ó tó pariwo tán, ó ti dé ìsàlẹ̀. Helter-skelter ni wọ́n pe ilé náà, ti Hull yìí sì ni àkọsílẹ̀ tó pẹ́ jù tí a mọ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pé wọ́n fi orúkọ bẹ́ẹ̀ pe ohun ìṣeré.

Orúkọ náà tó ohun tí à ń gbé yẹ̀ wò, nítorí pé nígbà tí wọ́n fi sọ ilé yìí, ó ti lé ní 300 ọdún tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti ń lò ó, kì í sì í ṣe fún ọmọdé. Ìsáré àwọn tí ojú ń pọ́n ni wọ́n ń fi sọ: ìsáré tí ẹni iwájú kò mọ ibi tó ń lọ, tí ẹni ẹ̀yìn kò dúró bèèrè, tí ẹrù ń já lórí, tí àwọn kan ń tẹ àwọn kan mọ́lẹ̀. Ọ̀rọ̀ tó ń fi ìró ara rẹ̀ ṣe ohun tó ń sọ ni, bí gìrìgìrì, wúruwùru àti kìtìkìtì ṣe rí lẹ́nu tiwa. Àwọn òǹkọ̀wé London ti ń lò ó ní àwọn ọdún 1590, Thomas Nashe sì wà lára àwọn tó kọ́kọ́ kọ ọ́ sílẹ̀. Shakespeare fi sẹ́nu Pistol, ọ̀kan nínú àwọn ìpáǹle tó ń tẹ̀ lé ọ̀mùtí àgbàlagbà kan tó ń jẹ́ Falstaff, ní apá kejì eré Ọba Henry Kẹrin, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1600. Pistol gun ẹṣin wá láti London bí ẹni tí iná ń lé, ó wá sọ fún Falstaff pé ọba ti wàjà, pé ọmọ ọba tí wọ́n jọ ń mutí ló ti gorí ìtẹ́. Lójú ẹsẹ̀ ni Falstaff náà ní kí wọ́n di gàárì, ó ní òru ọjọ́ náà gan-an ni òun á fi rìn. Ó ti yá 1,000 pọ́n-ùn lọ́wọ́ adájọ́ ìgbèríko kan tó ń jẹ́ Shallow, ó ti ń ṣèlérí ipò fún àwọn ẹmẹ̀wà rẹ̀. Nígbà tó dé London, ọba tuntun wò ó lójú, ó ní òun kò mọ̀ ọ́n rí, ó sì lé e jìnnà sí ààfin. Ohun tí irú ìsáré bẹ́ẹ̀ ń múni rí nìyẹn lójú àwọn ará ìgbà náà: ìtìjú, tàbí ikú lójú ogun, nígbà tí àwọn jagunjagun bá túká tí wọ́n sì fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ.

Èrò tèmi ni pé orúkọ tí wọ́n fún ilé gogoro yẹn ju àwàdà lọ. Iṣẹ́ tó gba àwọn Gẹ̀ẹ́sì ní nǹkan bí 50 ọdún ló parí sórí rẹ̀. Wọ́n kọ́kọ́ fi òfin pa ìdàrúdàpọ̀ tí àwọn mẹ̀kúnnù ń ṣe lọ́fẹ̀ẹ́ lọ́jọ́ ọdún. Lẹ́yìn náà ni wọ́n wá tà á fún wọn padà díẹ̀díẹ̀, pẹ̀lú tíkẹ́ẹ̀tì, lórí ìlà. Níbi tí ilé náà bá ti fìdí múlẹ̀, ọ̀rọ̀ náà ti rọ̀, ó ti di ti ọmọdé. Níbi tí kò bá sí, eyín rẹ̀ ìgbà ìwáṣẹ̀ ṣì wà lẹ́nu rẹ̀, ó sì lè buni jẹ.

Ká bẹ̀rẹ̀ láti Greenwich, níbi tí ẹ̀rí ti pọ̀ jù. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ odò Thames ni, kò jìnnà sí àárín London, òkè kan sì wà nínú ọgbà ọba níbẹ̀ tí wọ́n kọ́ ilé ìwòràwọ̀ sí lórí ní 1675. Ní ọjọ́ Àjíǹde àti ní àkókò Pẹ́ńtíkọ́sì, ọjà àríyá máa ń wà ní Greenwich, ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn á sì ya wá láti London. Ọkọ̀ ojú omi tó ń lo ooru ló kọ́kọ́ ń gbé wọn, kí ojú irin London sí Greenwich tó dé ní àwọn ọdún 1830. Ohun tó gbajúmọ̀ jù níbẹ̀ kò ná ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀: àwọn ọ̀dọ́kùnrin á di ọ̀dọ́bìnrin lọ́wọ́ mú, wọ́n á gun òkè ilé ìwòràwọ̀ náà, wọ́n á sì dorí kọ ìsàlẹ̀ ní eré àsápajúdé. Ẹni tó bá subú á yí gbirigbiri, aṣọ á ká sókè, fìlà á fò, àwọn tó dúró nísàlẹ̀ á pariwo ẹ̀rín. Charles Dickens, nígbà tó ṣì jẹ́ akọ̀ròyìn tó kéré lọ́jọ́ orí, ròyìn àṣà yìí nínú àwọn àpilẹ̀kọ rẹ̀ nípa London tó di ìwé ní 1836, ó sì hàn pé inú rẹ̀ dùn sí i. Inú àwọn onílé tó wà ní àdúgbò náà kò dùn ní tiwọn. Wọ́n ní ọtí pọ̀ jù, wọ́n ní àwọn jáwójáwó kò jẹ́ káwọn gbádùn, wọ́n ní ìwà àwọn ọ̀dọ́ kò bójú mu. Ní 1857, ìjọba fòpin sí ọjà àríyá Greenwich.

Ọdún méjì ṣáájú èyí ni wọ́n ti pa ọjà àríyá Bartholomew ní Smithfield, ní London, rẹ́, èyí tí Ọba Henry Kìíní fàṣẹ sí ní 1133. Ká rò ó wò: ọjà tó lé ní 700 ọdún, tó rí àjàkálẹ̀ àrùn, tó rí ogun abẹ́lé, tó rí iná ńlá tó jó London, àwọn aláṣẹ ìlú ló wá pa á. Òfin tí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin gbé jáde ní 1871 tiẹ̀ tún mú kó rọrùn sí i. Láti ìgbà yẹn, bí àwọn aláṣẹ àdúgbò àti olóhun ọjà bá ti fohùn ṣọ̀kan pé àwọn kò fẹ́ ẹ mọ́, mínísítà ọ̀rọ̀ abẹ́lé lè fi àṣẹ kan ṣoṣo pa á rẹ́. Gbólóhùn tó ń jáde lẹ́nu àwọn tó ń bẹ̀bẹ̀ fún irú àṣẹ bẹ́ẹ̀ kò yàtọ̀ síra: wàhálà, ìwàkiwà, fífi àkókò iṣẹ́ ṣòfò.

Àkókò iṣẹ́ gan-an ni gbòǹgbò ọ̀rọ̀. Kó tó di pé ilé iṣẹ́ onírin àti ilé ìhunṣọ gba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń ṣiṣẹ́ bó ṣe wù wọ́n: wọ́n á ṣe díẹ̀ ní Monday, wọ́n á sì sáré parí rẹ̀ ní Saturday. Agogo àti fèrè ilé iṣẹ́ ló fòpin sí èyí. Ní Manchester, Oldham àti Bolton, ẹni tó bá pẹ́ dé ẹnu ọ̀nà á san owó ìtanràn, ẹ̀rọ kò sì mọ̀ bóyá ẹni tó dúró tì í sùn lóru àná. Òfin 1850 ló jẹ́ kí àwọn obìnrin àti ọ̀dọ́ inú àwọn ilé ìhunṣọ máa ṣíwọ́ ní aago méjì ọ̀sán Saturday. Òfin ìsinmi báńkì 1871 fi ọjọ́ mélòó kan kún ìsinmi ọdọọdún. Ní Lancashire, ìlú kan á ti gbogbo ilé ìhunṣọ rẹ̀ pa fún ọ̀sẹ̀ kan lẹ́ẹ̀kan náà, gbogbo ará ìlú á wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí Blackpool. Bí wọ́n bá ti ń padà, ìlú mìíràn ló kàn. Àní ìsinmi pàápàá ti ní tàìmù-tébù. Àwọn èèyàn tí wọ́n fi fèrè ń darí láti ìdájí dé alẹ́ ni Blackpool ń retí, àwọn oníṣòwò ibẹ̀ sì mọ ohun tí wọ́n ń pòùngbẹ fún. Wọ́n fẹ́ kí ara wọn bọ́ lọ́wọ́ ara wọn fún ìṣẹ́jú kan. Wọ́n parí ilé ìṣọ́ onírin Blackpool ní 1894, wọ́n dá ọgbà ìgbafẹ́ ńlá ibẹ̀ sílẹ̀ ní 1896. Kò tó ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn náà tí helter-skelter fi dé Hull.

Ó yẹ ká wo àwọn tó ń gbé ohun ìṣeré wọ̀nyí kiri. Inú ọkọ̀ onílé ni wọ́n ń gbé, láti ọjà kan sí òmíràn, ìdílé sí ìdílé. Ní àwọn ọdún 1880, ọ̀gbẹ́ni George Smith láti Coalville gbé àbá òfin kan kalẹ̀ tí ì bá jẹ́ kí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba máa wọ inú àwọn ọkọ̀ onílé yìí láti yẹ ìmọ́tótó àti ẹ̀kọ́ ọmọ wọn wò. Àwọn oníṣòwò eré rí i pé òfin náà lè pa òwò àwọn, wọ́n dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ ní 1889, ẹgbẹ́ náà ló di Showmen's Guild tó wà títí dòní. Wọ́n borí àbá òfin náà, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ kan yé wọn dáadáa: ìlú tó lè fi òǹtẹ̀ kan pa ọjà rẹ́ kò ní gba ìwà Greenwich láàyè mọ́. Láti ìgbà náà, ọ̀nà tí wọ́n ń tọ̀ ni ti ẹni iyì. Wọ́n yan pásítọ̀ ṣe akọ̀wé, wọ́n fún ọmọ ẹgbẹ́ ní àyè tirẹ̀ lórí pápá kí ìjà má baà ṣẹlẹ̀, wọ́n kun ohun ìṣeré wọn ní wúrà. Ní King's Lynn, ilé iṣẹ́ Frederick Savage ti ń rọ ẹṣin onígi tí ooru ń yí fún wọn láti ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Ohun tuntun tó bá máa wọ ọjà gbọ́dọ̀ dá èèyàn níjì láìdá ìlú rú.

Ojú yìí ni kí a fi wo ilé gogoro Hull, nítorí bí a bá yọ orúkọ kúrò lára rẹ̀, kò sí ohun ìṣeré tó létò tó o. Ẹni kan ṣoṣo ló ń yọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ọ̀nà kan ṣoṣo ló wà, ẹ̀gbẹ́ méjèèjì rẹ̀ ga, kò sẹ́ni tó lè ṣìnà. Ẹ̀yìn kò lè ti iwájú, nítorí ẹni tó wà lókè kò ní jẹ́ kí o jókòó títí tí ẹni iwájú fi dé ìsàlẹ̀. Ọkùnrin kò di obìnrin mú, kálukú ló ń jókòó lórí ẹní tirẹ̀. Kò sì lo èédú, kò lo ẹ̀rọ: ìwúwo ẹni tó sanwó ni ẹ̀rọ rẹ̀, òun náà ló sì fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ gun àtẹ̀gùn. Owó tó ń wọlé fún onílé kò fẹ́rẹ̀ẹ́ ní ìnáwó lẹ́yìn ju ọ̀dà àti ẹní lọ. Bí alẹ́ bá lẹ́ lọ́jọ́ ìparí, wọ́n á tú u ní pákó-pákó, wọ́n á dì í sínú ọkọ̀, ó di ìlú mìíràn. Òkè Greenwich ni wọ́n tún kọ́ yìí, tí wọ́n fi igi ṣe, tí wọ́n fi ọgbà yí ká, tí wọ́n sì gbé ẹni tó ń gba owó sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Ohun kan ṣoṣo tó kù nínú ìdàrúdàpọ̀ àtijọ́ ni orúkọ tí wọ́n kọ gàdàgbà sára rẹ̀.

Ẹnìkan lè sọ pé mò ń fi ẹ̀sùn ìdìtẹ̀ kan àwọn èèyàn tí kò pàdé ara wọn rí, pé àwọn aláṣẹ tó pa Greenwich ní 1857 kò mọ onígi tó kan ilé gogoro ní 1905. Òótọ́ ni, kò sì sí ìdìtẹ̀ nínú ohun tí mo sọ. Ohun tí òfin ń lé jáde kì í parẹ́ bí ìfẹ́ rẹ̀ bá ṣì wà lára èèyàn. Ẹni tó bá ń ṣòwò á rí ìfẹ́ náà, á sì wá ọ̀nà tí ọlọ́pàá kò ní dí láti tà á. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìtàn rí ní ibòmíràn tí ẹnikẹ́ni kò ti bá ẹnikẹ́ni gbìmọ̀. Àwọn ará Rọ́ṣíà ti ń kọ́ òkè yìnyín ní St Petersburg láti yọ̀ sílẹ̀ lórí rẹ̀ tipẹ́tipẹ́. Ní 1817, àwọn oníṣòwò Paris ṣe òkè onígi tí kẹ̀kẹ́ ń yọ̀ lórí rẹ̀, wọ́n sì ń gba owó. Ní 1884, LaMarcus Thompson ṣí ojú irin eré tirẹ̀ sí Coney Island ní New York, sẹ́ǹtì márùn-ún ni owó rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ìwọ̀n eré rẹ̀ kò ju kìlómítà 10 ní wákàtí kan lọ. Ẹṣin tó bá ń sáré díẹ̀ á yà á sílẹ̀. Síbẹ̀ àwọn èèyàn tò gbọọrọ, nítorí pé ìyókù ọ̀sẹ̀ wọn kò ní ohun tó jọ bíbọ́ sílẹ̀.

Àtakò kejì lágbára ju ti àkọ́kọ́ lọ. Wọ́n lè ní ọ̀rọ̀ náà ti ń pani lẹ́rìn-ín kó tó di orúkọ ilé gogoro, pé Pistol tí mo tọ́ka sí gan-an jẹ́ aláwàdà, àti pé Jonathan Swift, ní ọ̀rúndún kejìdínlógún, fi ọ̀rọ̀ náà ṣe àkọlé ewì kan tó fi ń yẹ̀yẹ́ àwọn agbẹjọ́rò tó ń gun ẹṣin lọ sí ìjókòó kóòtù. Mo gbà pé ẹ̀rín wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ni wọ́n ń rẹ́rìn-ín? Nínú eré Shakespeare, ọ̀mùtí tó rò pé òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti bọ́ sí òun lọ́wọ́ ni. Nínú ewì Swift, agbẹjọ́rò tó ń sáré lọ jẹ owó olówó ni. Òǹwòran ló ń rẹ́rìn-ín ẹni tó ń sáré, ẹni náà kò sì mọ̀. Ohun tí ilé gogoro mú wá tí kò sí tẹ́lẹ̀ ni pé ẹni tó ń bọ́ sílẹ̀ ló ń rẹ́rìn-ín, ó sì ń fẹ́ kí ìyá òun máa wo òun. Ìyípadà ńlá ni kí èèyàn máa fi owó ra ohun tí wọ́n fi ń bú àgbà lánàá. Mo sì gbà pé àwọn Gẹ̀ẹ́sì kò tíì jáwọ́ nínú lílo ọ̀rọ̀ náà fún ìsáré gidi, ìwé ìròyìn wọn ṣì ń kọ ọ́. Àmọ́ ẹni tó bá dàgbà sí etí òkun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò lè gbọ́ ọ kó má kọ́kọ́ rí ilé aláwọ̀ mèremère ní ọkàn rẹ̀. Ọ̀kan ṣì wà lórí afárá ìgbafẹ́ Brighton títí dòní.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Amẹ́ríkà ló jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí dá mi lójú jù. Kì í ṣe pé ohun ìṣeré náà kò dé ibẹ̀ rárá. Luna Park tó wà ní Coney Island ní helter-skelter tirẹ̀ ní nǹkan bí 1905, àwòrán rẹ̀ ṣì wà. Ṣùgbọ́n kò ràn ká. Ojú irin eré tó ń ké ramúramù ló gba ọkàn àwọn ará Amẹ́ríkà, orúkọ helter-skelter kò sì di ti ìlú. Nígbà tí iná jó Luna Park ní 1944, tí ọgbà náà sì kógbá wọlé, àwọn tó kù tí orúkọ náà mú rántí ibi yíyọ̀ kò tó nǹkan. Ọ̀rọ̀ náà wà lẹ́nu wọn bó ṣe wà ní ìgbà Shakespeare: rúkèrúdò, àsálà, òpin ètò.

Ní November 1968, àwọn Beatles gbé àwo orin funfun wọn jáde, orin kan sì wà nínú rẹ̀ tó ń jẹ́ Helter Skelter. Paul McCartney tó kọ ọ́ jẹ́ ọmọ Liverpool, ìlú tó jẹ́ pé òdìkejì odò rẹ̀ ni New Brighton wà, ibi ìgbafẹ́ etí òkun tí àwọn ará Liverpool ti ń lọ ṣeré láti ọjọ́ pípẹ́. Ohun tó fẹ́ ni orin tó máa pariwo ju ti gbogbo ẹgbẹ́ yòókù lọ, ó sì ti ṣàlàyé léraléra pé ibi yíyọ̀ àwọn ọmọdé ni òun fi ṣe àpèjúwe gígun òkè àti bíbọ́ sílẹ̀, bí ilẹ̀ ọba Róòmù ṣe gòkè tó sì wó. Ọmọ Gẹ̀ẹ́sì tó bá gbọ́ orin náà mọ ohun tí ẹni tó ń kọrin jókòó lé, ariwo gìtá kò sì dí i lójú.

Ní ẹ̀yìn odi Los Angeles, Charles Manson gbọ́ orin kan náà. Wọ́n bí i ní 1934, ó sì ti lo ju ìdajì ọjọ́ ayé rẹ̀ lọ ní ẹ̀wọ̀n àti ilé àwọn ọmọ aláìgbọràn kí wọ́n tó tú u sílẹ̀ ní 1967. Ohun tí agbẹjọ́rò ìjọba, Vincent Bugliosi, gbé síwájú kóòtù ni pé Manson ka orin náà sí àṣírí. Manson gbà pé orúkọ ogun tó ń bọ̀ láàárín aláwọ̀ dúdú àti aláwọ̀ funfun ni, pé òun àti àwọn ọmọlẹ́yìn òun á fara pamọ́ sí aṣálẹ̀ Death Valley títí ogun náà á fi parí, wọ́n á sì jáde wá jọba. Ní òru méjì tó tẹ̀ léra nínú August 1969, àwọn ọmọlẹ́yìn rẹ̀ pa èèyàn méje. Nínú ilé kejì, wọ́n fi ẹ̀jẹ̀ kọ orúkọ orin náà sára fíríìjì, wọ́n sì ṣi lẹ́tà kan kọ. Kóòtù dá Manson lẹ́bi ní January 1971. Ìwé tí Bugliosi àti Curt Gentry kọ lórí ẹjọ́ náà jáde ní 1974 pẹ̀lú orúkọ kan náà, ó tà wàràwàrà, sinimá tẹlifíṣọ̀n sì tẹ̀ lé e ní 1976. Láti ìgbà náà, bí o bá pe helter-skelter létí ọ̀pọ̀ ará Amẹ́ríkà, ìpànìyàn ló ń wá sí wọn lọ́kàn.

Wọ́n á sọ pé ọkàn Manson ti dàrú, pé bó bá jẹ́ orin oríta ló gbọ́, á rí ogun níbẹ̀. Ó ṣeé ṣe. Àwọn kan tún wà tí kò gba ìtàn ogun yẹn gbọ́ rárá. Tom O'Neill, nínú ìwé tó gbé jáde ní 2019, jiyàn pé àlàyé tí Bugliosi ṣe fún kóòtù kò mọ́yán lórí. N kò ní láti yanjú èyí kí ọ̀rọ̀ tèmi tó dúró. Bí Manson bá gbà á gbọ́, a jẹ́ pé ó lè gbà á gbọ́ nítorí pé kò sí ilé aláwọ̀ mèremère tó dènà rẹ̀ nínú ọkàn rẹ̀. Bó bá sì jẹ́ pé agbẹjọ́rò ló tún un ṣe, àwọn adájọ́-aráàlú méjìlá jókòó ní Los Angeles, wọ́n gbọ́ pé ọ̀rọ̀ yìí jẹ́ orúkọ òpin ayé, ọ̀kankan nínú wọn kò rí i bí ohun ẹ̀rín. Ẹ gbìyànjú ẹjọ́ kan náà ní kóòtù Blackpool. Agbẹjọ́rò á kọ́kọ́ ní láti ṣàlàyé ìdí tí wọ́n fi fi ẹ̀jẹ̀ kọ orúkọ ibi tí àwọn ọmọ ti ń jókòó lórí ẹní.

Ó yẹ kí ìpànìyàn yẹn ti ba orúkọ náà jẹ́ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pàápàá, nítorí wọ́n ka ìwé Bugliosi níbẹ̀, wọ́n wo sinimá rẹ̀. Kò bà á jẹ́. Ní 2008, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ilé kan ní Bishopsgate, láàárín àwọn báńkì London, tí ì bá ga ní mítà 288, tí orí rẹ̀ sì lọ́ bí ẹni pé wọ́n wé e. Pinnacle ni orúkọ tí onílé fún un. Helter-Skelter ni àwọn ará London pè é. Ọdún náà gan-an ni ètò ìṣúná ayé dojú dé, tí àwọn olówó ń sá gìrìgìrì kúrò ní báńkì kan sí òmíràn, síbẹ̀ kò sẹ́ni tó fi orúkọ náà ṣẹ̀fẹ̀ ẹ̀jẹ̀. Iṣẹ́ dúró ní 2012 nígbà tí kọnkéré rẹ̀ kò tíì ju àjà méje lọ, wọ́n wá ń pè é ní kùkùté. Wọ́n wó o, wọ́n sì kọ́ ilé mìíràn sí ojú ibẹ̀ tó parí ní 2020. Ní ìlà-oòrùn ìlú náà, ère onírin ńlá tí Anish Kapoor ṣe fún ìdíje Òlíḿpíìkì 2012 kò bọ́ lọ́wọ́ àfiwé kan náà, nígbà tó sì di 2016, Carsten Höller fi ọ̀nà yíyọ̀ gidi sí i lára, tó gùn ní mítà 178.

Norwich ni ìdánwò tó le jù ti wáyé. Kàtídírà ìlú náà ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ní 1096, àwọn òkúta tí wọ́n gbẹ́ àwòrán Bíbélì sí lára sì lé ní 1,000 lábẹ́ òrùlé rẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n ga débi pé ojú lásán kò fi bẹ́ẹ̀ rí wọn. Ní August 2019, fún ọjọ́ 11, wọ́n gbé helter-skelter kan tó ga ju mítà 15 lọ sí àárín ṣọ́ọ̀ṣì náà. Àlùfáà Andy Bryant tó dá a lábàá ní kí àwọn èèyàn lè sún mọ́ àwòrán òrùlé náà ni, kí wọ́n sì wo ilé Ọlọ́run láti ibi tí wọn kò tíì dúró rí. Pọ́n-ùn méjì ni owó rẹ̀. Bíṣọ́ọ̀bù Lynn, Jonathan Meyrick, wàásù láti agbedeméjì ọ̀nà yíyọ̀ náà. Àwọn kan bínú gidigidi, wọ́n ní wọ́n ti sọ ilé àdúrà di ọjà àríyá, pé èèyàn kì í lọ síwájú Olúwa láti lọ ṣe fàájì.

Inúnibíni kọ́ ni ọ̀rọ̀ àwọn tó bínú, mo sì gbọ́ wọn yé: ilé àdúrà ní ọ̀wọ̀ tirẹ̀, owó wíwọlé láàárín rẹ̀ sì máa ń rùn. Ṣùgbọ́n ẹ̀sùn wọn dá lórí ìwà yẹpẹrẹ, lórí fàájì, lórí pọ́n-ùn méjì. A kò gbọ́ kí ìbínú yẹn dá lórí Los Angeles, lórí ogun àwọ̀ tàbí ẹ̀jẹ̀ ara fíríìjì. Àwọn aráàlú tó wá kò ti ara wọn. Wọ́n tò, wọ́n sanwó, wọ́n gba ẹní, wọ́n gun òkè, wọ́n yọ̀ sílẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan lábẹ́ àwòrán Ádámù àti Nóà. Bí mo bá máa dájọ́, èmi á ní àwọn àlùfáà Norwich kò gbé ìdàrúdàpọ̀ kankan wọ ṣọ́ọ̀ṣì. Wọ́n ti tán an láti Greenwich, ní 1857.